Kò yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé àwọn àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì

Lọ́jọ́ tí àlùfáà bá ṣe ìsìn ìdágbére tán, kọ́kọ́rọ́ ilé míṣọ́ọ̀nù kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ti ń di ẹrù bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ètò ṣe rí nínú ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì láti ayé àwọn míṣọ́nnárì: ìjọ ló ń fún òjíṣẹ́ nílé, ìjọ ló sì ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. Lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń pe pásítọ̀ tirẹ̀, àmọ́ ilé tí pásítọ̀ ń gbé kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ náà. Nítorí pé ilé jẹ́ ọ̀fẹ́, owó oṣù kéré. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ilé tí ìjọ bá pèsè fún àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì kì í ṣe àánú. Owó iṣẹ́ tí wọn ò san fún un nígbà tí ara rẹ̀ le ni.

A kí àwọn dáyọ́sìsì (àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan) àti kọ́ńfúréǹsì tó ti ń ra ilẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́lé fún àwọn àgbà wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ẹni tí yóò máa ṣàkóso àwọn ilé náà. Èrò wa ni pé bíṣọ́ọ̀bù, ààrẹ tàbí olórí ìjọ yòówù kò gbọdọ̀ jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀.

Kì í ṣe pé a fura sí ẹnikẹ́ni. Ipò méjì tí kò bára mu ni wọ́n ń kó lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ẹni tó ń gbé àlùfáà kiri, tó ń bá a wí, tó sì lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí àlùfáà náà lè lọ bá lọ́jọ́ alẹ́ pé òrùlé ń jò. Yóò dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tó ń jò. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń darí ìnáwó dáyọ́sìsì náà ló ń darí owó ilé. Bí owó bá wọ́n, tí sínóòdù, ìpàdé ńlá dáyọ́sìsì, ń bọ̀ tàbí tí kàtídírà kò tíì parí, àpò ilé àwọn àgbà ló súnmọ́ ọwọ́ jù. Wọ́n á ní àwọn yá a ni. Ta ni yóò wá gba gbèsè náà padà, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yáwó náà ni ẹni tó yáni lówó?

Ènìyàn mẹ́sàn-án tó fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó ti fẹ̀yìntì dìbò yan mẹ́ta láàárín ara wọn, kí opó àlùfáà wà lára mẹ́ta náà. Kí sínóòdù yan mẹ́fà ìyókù, kí agbẹjọ́rò, ẹni tó mọ ìṣirò owó, ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé àti nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú arúgbó wà lára wọn. Sáà ọdún mẹ́ta, kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kọngílá tó ń bá ìjọ kọ́lé kò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ tó ń náwó jù lọ. Kí àkáǹtì dá dúró ní báńkì, kí owó má lè jáde láìsí ìbuwọ́lù méjì, kí ọ̀dítọ̀ tó wá láti ìta sì yẹ ìwé wò lọ́dọọdún.

Ìwé ilẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ ìjọ kan fi pulọ́ọ̀tì méjì tọrẹ nínú ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún un, kò sí ìwé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Tàbí kí ìjọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, kí rìsíìtì jáde ní orúkọ ẹni tó wà lórí àga nígbà náà. Bí òun náà bá kú, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ogún. Kí súfèyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì súfèyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí jọ buwọ́ lùwé. Kí agbẹjọ́rò kọ ìwé náà ní orúkọ àwọn trọ́stíì ìjọ, ìyẹn àwọn tí òfin mọ̀ sí olùtọ́jú dúkìá ìjọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ènìyàn kan. Lẹ́yìn náà ni ìyọ̀ǹda gómìnà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún. Èyí ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nítorí owó rẹ̀, òun náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé ẹjọ́.

Àwọn trọ́stíì fúnra wọn ńkọ́? Òfin CAMA ọdún 2020, tó de àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, fẹ́ kí ìjọ fi àkọsílẹ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá. Ìjọ tó ní trọ́stíì márùn-ún, tí mẹ́ta ti kú tí wọn ò sì rọ́pò wọn, yóò rí ìṣòro lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé tó ti gbó tàbí tó fẹ́ yí ìwé padà ní báńkì. Àwọn ìjọ pariwo gan-an lórí abala 839 òfin yìí, èyí tó fàyè gba dídá trọ́stíì dúró níbi tí ìnákúnàá bá wà. A ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ àwọn òkú tó ṣì wà nínú ìwé wọn.

Ẹni tó ń gbé inú ilé náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Ojú ìwé méjì tó: ta ni yóò sanwó iná, ta ni yóò tún ilé ṣe, láàárín ọjọ́ mélòó. Kí ó sì wà nínú rẹ̀ pé bí ọkọ bá kú, opó rẹ̀ yóò máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Láìsí gbólóhùn yìí, wọ́n lè béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin kí ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀ tó pé.

Kí ilé náà jẹ́ bọ́ńgálò, kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 kí àga onítáyà lè kọjá, kí irin ìdìmú wà nílé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí wọ́n máa ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí yóò náni láti tún ilé náà kọ́ lónìí. Ìṣílé a máa mú owó wọlé. Páànù tó dípẹtà àti ikán kì í mú nǹkan wọlé, ìdí nìyẹn tí ilé tuntun fi ń gbó láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ìjọ England, tí Áńgílíkà tiwa ti ṣẹ̀ wá, ti ní ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì láti ọdún 1926. Ó dá dúró lábẹ́ òfin, ó ń tẹ ìṣirò owó rẹ̀ jáde, ó sì ń fi ilé háyà fún àwọn àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì tí wọn ò ní ibùgbé. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn níbẹ̀ kò ní láti gbé e lọ bá bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ìgbìmọ̀ lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Láti ọdún 2022 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti fàyè gba ẹni tó ń dá owó sí RSA, àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, láti yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi san owó àkọ́kọ́ lórí ilé tó fẹ́ fi owó yíyá rà. Kí wọ́n sọ èyí fún àwọn àlùfáà tó bá wà nínú ètò náà nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ogójì ọdún, torí ẹni tó ti fẹ̀yìntì kò lè béèrè fún un mọ́.

Kí àwọn aṣojú ìjọ tó dìbò fún owó-orí tuntun fún ilé àwọn àgbà ní sínóòdù tó ń bọ̀, kí wọ́n béèrè orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àti ẹni tó yàn wọ́n, ìṣirò owó ọdún tó kọjá láti ọwọ́ ọ̀dítọ̀, àti ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣàìsí, kí wọ́n má dìbò títí yóò fi dé.