Ẹnu ara mi ni mo fi ń tẹ́ ara mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí ó ti pẹ́ tó ti ń yí mi nínú, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí ló jẹ́ kí n sọ pé mi ò ní sùn láìkọ ọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan rán bùbá tán, àkọ́kọ́ tó máa dá rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí mi ò fọwọ́ kàn án. Ọrùn ẹ̀ jókòó, apá ò fà, ojú rírán inú ẹ̀ mọ́ ju ti èmi gan-an lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ̀. Oníbàárà dé, ó gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní "Háà, ta ló rán èyí, ó mà mọ́ o." Ọmọ náà dorí kodò, ó ní "Ẹ má bínú mà, mi ò tíì mọ̀ ọ́n rán dáadáa."

Wọ́n yìn ín, ó ń tọrọ àforíjì. Ẹ gbà mí, àyà mi já, torí ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ, kò síbòmíì. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló ti wà pẹ̀lú mi, bí mo ṣe ń kọ́ ọ ní aṣọ gígé náà ni mò ń kọ́ ọ ní bí èèyàn ṣe ń tẹ́ ara ẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìfẹ́ wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí wọn kì í fi mí wé ẹlòmíì. Tí mo bá gba ipò kẹwàá, wọ́n á ní ẹni tó gba ipò kìíní ńkọ́, ṣé orí méjì ló ní ni? Tíṣà kan wà tó máa ń pè mí ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, ó wá di pé àwọn ọmọ ò pe orúkọ mi mọ́. Nígbà tí mo máa fi tó ọmọ ọdún 9 mo ti dá ọgbọ́n kan sí i, kí n yáa kọ́kọ́ bú ara mi. Tí mo bá ti sọ pé "èmi olódo yìí, mi ò mọ̀ ọ́n", tíṣà ò ní rí nǹkan tuntun sọ mọ́, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó ṣiṣẹ́ fún mi. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀, ó ṣiṣẹ́, mo wá gbé e dàgbà.

Àwọn tó mọ̀ mí á jẹ́rìí sí i. Tó o bá ní aṣọ mi rẹwà, màá ní òkìríkà lásán ni. Tó o bá ní ọbẹ̀ mi dùn, màá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kọ́sítọ́mà á béèrè iye tí mò ń gbà lórí ìró àti bùbá léèsì, màá ní ₦12,000, kó tó lanu màá ti sáré sọ pé ẹ mú 8 wá, ẹ mú 7 wá tẹ́ ẹ bá ní, obìnrin tí kò tíì ná ọjà rárá, èmi fúnra mi ni mò ń bá a ná an. Àwọn èèyàn á wá máa yìn mí pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́, ẹ̀rù ni.

Ẹ wá wo ibi tó gbé mi dé. Owó tí mò ń gbà ò tó nǹkan, torí náà mò ń gba iṣẹ́ púpọ̀ láti fi dí i, iṣẹ́ púpọ̀ ò ṣeé parí, mo wá ń parọ́, "ó ku bọ́tìnnì nìkan mà", aṣọ tí mi ò tíì gé o, nígbà tí wọ́n bá bínú gba owó wọn màá lọ yá òmíràn lọ́dọ̀ àwọn gbọ́mú-lé-láńtà, lálẹ́ oorun ò ní kun ojú mi, màá máa wo àwòrán iṣẹ́ àwọn tẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ mi lórí WhatsApp títí di aago méjì òru, àwọn tá a jọ ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dún kan náà tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Lẹ́kì, màá fọwọ́ ara mi wá ohun tó máa dùn mí lọ. Tá a bá ní ìwà kan ń ba èèyàn jẹ́, ọtí àti igbó la máa ń rò. Tèmi ò ní òórùn, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ọ lára mi.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́, ìlú wa níbí, mọ̀ pé lẹ́yìn Iléyá, ọdún Kayọ́kayọ́ ló kàn, àwa tẹ́lọ̀ kì í sùn nígbà yẹn. Ẹbí ń dáṣọ, ẹgbẹ́ ń dáṣọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí mo gba aṣọ 43, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì, mo sì mọ̀ dájú pé 25 ni agbára wa ká. Mi ò lè sọ pé rárá. Lójú mi, ẹni tó bá gbé aṣọ wá fún irú èmi yìí, àánú mi ló ṣe é, ta ni mo jẹ́ tí mo máa dá a padà?

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an ìyá kan wá gba tiẹ̀, aṣọ ẹbí ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ti wọ tiwọn, wọ́n dúró síta. Tiẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi gbé e wá. Kò bú mi. Ì bá jẹ́ pé ó bú mi ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń sunkún bí ọmọdé, nígbà tó ṣe ó dìde, ó gbé ọ̀rá ẹ̀, ó lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo dùbúlẹ̀ sínú yàrá, mò ń pe ara mi ní gbogbo orúkọ tí tíṣà yẹn pè mí àti èyí tí kò rántí pè mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí ni pé nínú ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn mi ò pe ìyá yẹn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò lọ bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bí mo ṣe ń bú ara mi yẹn, gbèsè náà ni mò ń san, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan ò kúrò nínú ẹ̀. Tó o bá ti pe ara ẹ ní aláìwúlò, ó parí nìyẹn, ta ló ń retí kí aláìwúlò tún nǹkan ṣe? Abẹ́ èébú yẹn ni mo sá sí.

Alhaja kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, ọ̀rẹ́ màmá mi, ló wá kan ilẹ̀kùn. Wọn ò wàásù fún mi, wọ́n kàn ní kí n wá bá wọn gbé ẹrù lọ́la. Mo lọ. Ẹni tí kò bá tíì dé Olúwo láàárọ̀, kó lọ wo bí àwọn ìyá yẹn ṣe ń pe ọjà wọn. Abòrí ń fò nínú bàsíà, èpìyà, edé, ẹja yíyan lọ súà, Alhaja á gbá orí ẹja mú, wọ́n á ní "wo inú etí ẹ̀, ó pupa àbí kò pupa?" Oníbàárà á ní ó wọ́n. Wọ́n á ní "ó wọ́n, ó sì tó bẹ́ẹ̀." Nígbà tí ọjà rọ̀ wọ́n wojú mi, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ rí kí n gbé ẹja lélẹ̀ kí n máa kígbe pé ó ti rà, ó ń rùn?" Mo ní rárá mà. "Tó bá wá rà lóòótọ́ ńkọ́?" Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní "Tó bá rà, màá dá owó ẹni tó rà á padà fún un, màá bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní jókòó ti ẹja kí n máa sunkún. Àwọn apẹja ṣì ń lọ sórí omi lọ́la."

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá ìyá yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo dá owó ẹ̀ padà, mo ní ẹ má bínú mà, irọ́ ni mo pa fún yín, mi ò tíì gé aṣọ yẹn rárá nígbà tí mo ní ó ku bọ́tìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ "ẹ má bínú" káàkiri, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ní ìtumọ̀ lẹ́nu mi. Kò tíì gbé aṣọ wá fún mi títí dòní, ṣùgbọ́n tí mo bá kí i ó máa ń dáhùn, mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wá ń wá sí mi lọ́kàn nípa Kayọ́kayọ́ yìí. Ṣebí ọjọ́ tí Ọba Kòsọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́ la fi ń ṣe é. Lọ́dún 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun wá yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé e lórí oyè, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹni tí wọ́n lé ni o, ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n lé gúnlẹ̀ la sì ń dáṣọ sí. Nígbà tó fi máa di 1854 àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wá bá a ṣe ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni, ó ṣòwò ẹrú, kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́. Orúkọ ẹ̀ ni mò ń rò. Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́lẹ̀ sin ín mọ́. Àwọn baba wa máa ń sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́, ní Àkísàátán, wọ́n á forúkọ lé ikú sẹ́yìn. Nígbà tí mo rò ó débẹ̀ mo sunkún, torí ohun tí èmi náà ṣe lọ́mọ ọdún 9 nìyẹn, mo fi orúkọ burúkú dáàbò bo ara mi. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan tó burú, ó fẹ́ kí ọjọ́ kàn kọjá lórí òun ni. Àmọ́ Kòsọ́kọ́ dàgbà, ó jọba, kò sẹ́ni tó tún ń sọ fún un pé àbíkú ni. Èmi ni mi ò jẹ́ kí tèmi dópin.

Àwọn kan á ní kó o dúró níwájú díńgí kó o máa pe ara ẹ ní ọbabìnrin. Mo gbìyànjú ẹ̀, ó dà bíi pé mo tún ń parọ́ fún kọ́sítọ́mà, tó bá ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì mo bá a yọ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kéré gan-an. Mo kọ iye owó mi sí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó jẹ́ páálí ló ń sọ̀rọ̀ kí èmi dákẹ́. Tí wọ́n bá yìn mí, ẹ ṣeun, ó tán, kí n gbé ìyókù mì. Tí aṣọ ọdún bá ti pé 25 mi ò gba ẹyọ kan lé e. Fóònù ń sùn sí pálọ̀. Mo ṣì ń ṣubú o, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún yọ ₦3,000 fún ẹni tí kò tíì sọ pé ó wọ́n.

Ìyá bàbá mi máa ń kì mí láràárọ̀, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó rí kẹ́, wọ́n á kì mí tán kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ pọnmi. Mo ti gbàgbé pátápátá pé kí tíṣà yẹn tó pè mí ní olódo, ẹnì kan ti kọ́kọ́ pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa ki ọmọ yín. Gbólóhùn "ṣé orí méjì ló ní" yẹn, ẹ gbé e jù sínú ọ̀sà.

Tí tìẹ bá wá wúwo ju tèmi lọ, tó jẹ́ pé o ò lè jẹun, o ò lè sùn, tàbí o ti ń rò ó pé ikú yá, jọ̀ọ́ má dá wà nínú yàrá bí mo ṣe ṣe yẹn, sọ fún èèyàn kan lónìí, kí ẹ jọ lọ rí dókítà. Kì í ṣe wèrè. Ọmọ Yorùbá ni Lambo, dókítà ọpọlọ, tó jẹ́ pé lọ́dún 1954 ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀, torí ó mọ̀ pé ara máa ń yá láàárín èèyàn.

Ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n parí tiẹ̀. Oníbàárà tó yìn ín yẹn ti sanwó, ó ti ń lọ. Mo ní kí ọmọ náà sáré tẹ̀ lé e, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, kó sọ fún un pé òun ni òun rán an. Ó wò mí bíi pé mo bá a wí, ó ṣá lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ní "Wọ́n ní àwọn ń gbé léèsì kan bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní èmi ni kí n rán an. Èló ni kí n pè é mà?"

Mo ní kó sọ iye tó rò. Ó wo páálí ara ògiri títí, ó ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dákẹ́.