Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún hẹ́dífóònù dúdú ní sítáà méjì

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ jókòó kọ rífíù tó gùn báyìí, ẹlòmíì á kàn tẹ sítáà kan, á bá tiẹ̀ lọ. Torí àwọn tó máa kà á lẹ́yìn wa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tẹ́ ẹ kọ ní ṣókí: ẹ ra hẹ́dífóònù Bluetooth dúdú tó bo gbogbo etí yẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣágámù, a wébíìlì ẹ̀ sí yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ọmọ fi amapiano dán an wò inú wọn dùn, ṣùgbọ́n nígbà tẹ́yin fi àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i, ẹ ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da aṣọ bo bàbá náà lẹ́nu, orin kúáyà yín náà ò mọ́, ẹ wá parí ẹ̀ pé fèékì la tà fún yín, nígbà tó jẹ́ pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bá gbogbo orin mu.

Kì í ṣe fèékì o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láti ilé iṣẹ́. Gbólóhùn "bá gbogbo orin mu" yẹn, ara páálí ẹ̀ la ti kọ ọ́, bí wọ́n sì ṣe máa ń kọ "20 Hz dé 20,000 Hz" sára gbogbo páálí náà nìyẹn (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá kéré, béèsì ni, tó bá pọ̀, ohùn tó tínrín ni), ibi tí etí ọ̀dọ́ tára ẹ̀ dá ń gbọ́ dé ni wọ́n ń sọ, kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bí orin ṣe máa dún. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí wọ́n gbé sókè jù láàárín 20 sí 20,000 yẹn. Tiyín yìí, béèsì ni wọ́n gbé sókè, torí béèsì ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ ń béèrè, kí wọ́n tiẹ̀ tó bi wá léèlò, wọ́n á ti ní "ṣé ó ń gbá?" Log drum, ìyẹn béèsì táwọn ará South Africa fi ń ṣe amapiano, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, kò sí ohùn púpọ̀ tó ń bá a du àyè níbẹ̀, ìyẹn ló fi dún dáadáa létí àwọn ọmọ. Ohùn ọkùnrin tó wúwo ńkọ́? Láti bíi 85 Hz ló ti bẹ̀rẹ̀, tí béèsì bá sì wú dé 200, 250 Hz, ó ti gorí ohùn náà nìyẹn, ibi tó ń jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké wà lókè níbi bíi 2,000 sí 5,000 Hz, ìyẹn náà á sì wá kéré létí.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa àpàlà torí mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn kan máa ń wá síbí sọ pé orin àwọn bàbá wa ò ní béèsì, pé hẹ́dífóònù kékeré tó ń dún ṣíń-ṣíń ló yẹ ẹ́. Irọ́ ni, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì gbọ́ agídìgbò rí. Agídìgbò ni béèsì àpàlà! Àmọ́ béèsì tó ń kanlẹ̀ táá sì kúrò ńbẹ̀ ni, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún gángan àti fún ẹni tó ń kọrin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wá wà lókè tirẹ̀. Hẹ́dífóònù tí béèsì ẹ̀ pọ̀ jù á mú agídìgbò kó máa hó títí, á wá gbé gángan mì. Gángan sì rèé, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, téèyàn ò bá gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ariwo lásán ló kù sí i létí. Fújì náà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé Adéwálé Àyùbá, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí, sí i, ẹ ó rí i pé ìlù tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, tí wọ́n bá rúnra wọn pọ̀, adùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá ti kú láti 1983, àwo ńlá ni wọ́n gba orin ẹ̀ sí, èyí tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ wa, ẹnìkan ló dà á kọ láti inú àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, ó wá ti WhatsApp kan bọ́ sí òmíì. Ohun tí kò sí nínú fáìlì, hẹ́dífóònù mílíọ̀nù kan náírà ò lè dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èyí tó mọ́ lórí áàpù orin, kẹ́ ẹ fìyẹn dán an wò kẹ́ ẹ tó dá ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó kó o padà wá. Ẹ wá equalizer lórí fóònù yín, ibi téèyàn ti ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí kó fà á wálẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ọ̀pá márùn-ún lẹ máa rí níbẹ̀, 60, 230, 910, 3.6k àti 14k. Ẹ fa 60 wálẹ̀ díẹ̀, ẹ fa 230 wálẹ̀ ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yín wà, 3.6k ni kẹ́ ẹ gbé sókè díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ẹni tó ń lo Spotify, wọ́n ní tiwọn nínú sẹ́tíǹgì, tẹni tó ń lo Apple Music lórí iPhone, kó wá "Vocal Booster" tàbí "Bass Reducer". Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ sókè o, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe, ohùn á máa ya ni. Ẹ fa èyí tó pọ̀ jù wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé fólúùmù sí i.

Èyí tẹ́ ẹ kọ pé tẹ́ ẹ bá wà lórí ìpè, ohùn á kàn dà bíi ti rédíò àtijọ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bluetooth tó wà lára ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù ò lè gbé orin tó dára àti máìkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí máìkì bá ti ṣí, á sún ohùn sí ti ìpè. Tẹ́ ẹ bá gé ìpè, á padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é, títí kan àwọn olówó iyebíye.

Wàyí o, tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo eléyìí tí kò bá yín lára mu, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gbọ́ àpàlà láàárọ̀, kúáyà lọ́sàn-án, tọ́mọ ẹ̀ á gba amapiano lálẹ́, kó má wá hẹ́dífóònù "fún àpàlà" tàbí "fún amapiano", kó ra èyí tí wọn ò gbé ibì kankan sókè jù, kó fi equalizer bu béèsì sí i nígbà tó bá fẹ́ ẹ. Irú ẹ̀ ni Sony MDR-7506, láti 1991 làwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ti ń lò ó, wáyà ló ní, kò sì rẹwà, àmọ́ ohùn èèyàn máa ń yọ níbẹ̀ gidi gan-an. Fèékì ẹ̀ pọ̀ lọ́jà o, ẹ ṣọ́ra. Audio-Technica ATH-M50x ní béèsì jù ú lọ díẹ̀, àwọn ọmọ ò ní ráhùn. Beyerdynamic DT 770 Pro táwọn ará Jámánì ṣe náà dára, ó ń wá ní 32, 80 àti 250 ohm, tí ohm bá ti pọ̀, ẹ̀rọ tó lágbára ju fóònù lọ ló máa ń fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 250 fún yín láti fi gbọ́ orin lórí fóònù, ohùn á kéré, ẹ ó ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix ṣì ní ihò wáyà, tí tiyín ò bá ní, adápútà kékeré ló kù.

Ẹ tún bèèrè nípa àwọn hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn wọn ṣí. Wọ́n dára fún orin tó ní ohun èlò púpọ̀, jùjú àti jáàsì, ohùn máa ń fẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á wọlé, orin yín náà á jáde, tẹ́ ẹ bá gbé e wọ bọ́ọ̀sì Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde gbogbo èrò ọkọ̀ ló máa bá yín gbọ́ ọ. Mi ò ní tà á fún yín àyàfi tó bá jẹ́ inú yàrá nìkan. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ ń wọ̀ jù, èyí tó ń pa ariwo, tó ní ANC, ló dáa, ariwo ẹ́ńjìnnì ló mọ̀ ọ́n pa jù, kò lè pa ẹnu kọ̀ńdọ́.

Àbúrò yín tó ní kò gbọ́ béèsì kankan nígbà tẹ́yin ní ó pọ̀ jù, ṣé orí hijab ló gbé e lé? Tí aṣọ tàbí ọwọ́ ìgò ojú bá wà láàárín tìmùtìmù etí ẹ̀ àti ara, afẹ́fẹ́ á jò, béèsì á bá a lọ. Kó ti tìmùtìmù yẹn sábẹ́ hijab, á gbọ́ ọ.

Fólúùmù tẹ́ ẹ ní ẹ gbé dópin kẹ́ ẹ tó gbọ́ bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fà á wálẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ 80 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tó bá di 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ gé béèsì yẹn nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú páálí àti rìsíìtì dání, kẹ́ ẹ sì mú fóònù tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin gan-an wá, orin yín la máa fi dán an wò, kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá sáyè, ẹ fún awakọ̀ ní páàkì Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ kọ orúkọ sí i lára, owó ọkọ̀ àtàbọ̀ wà lọ́rùn wa, ìyàtọ̀ owó la jọ máa sọ nínú íńbọ́ọ̀sì. Ẹ má wá lọ́jọ́ Sátidé ṣá, èrò máa ń pọ̀, ẹ ò ní ráyè gbọ́ orin kan tán.