Kíláàsì tó dákẹ́ nìkan kọ́ ni ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ kọ pé ọmọ tó bá ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ariwo lásán ló ń pa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1999, Neil Mercer, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9 sí 10 bí a ṣe ń jíròrò: kí wọ́n bi ara wọn pé “kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?”, kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó mú ìdáhùn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò làákàyè, àní nígbà tí olúkúlùkù dá ṣe tirẹ̀. Ìyẹn ló wú mi lórí jù: ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ti di ọgbọ́n orí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín o. Bí olùkọ́ bá kàn kó wọn jọ láìfi ọ̀nà hàn wọ́n, ẹni tó lẹ́nu jù ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìjíròrò ni wọn kò tíì rí gbà níbẹ̀.