Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa: ahéré kọ́ la kọ́

Ọ̀gá wa, ẹ kú ìrìn àjò. Ẹ ṣeun tí ẹ wá sí ilé ìgbàlejò wa ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹ sì ṣeun tí ẹ rí àyè kọ nǹkan sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ohun tí wọ́n kọ ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ fún yín. Wọ́n ní kò sí AC. Wọ́n ní ọmọńlé wà lára ògiri. Wọ́n ní iná kú mọ́ àwọn lójú lálẹ́ Ẹtì, pé ṣáláńgá la gbé sínú yàrá, pé balùwẹ̀ ṣókùnkùn, pé ẹnì kan ń ké nínú igbó lóru tí ẹ̀ṣọ́ wa kò dá sí i. Wọ́n wá fi dé e lórí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an nìyí: "Ahéré bàbá àgbà mi ni wọ́n kọ́, owó òtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà ni wọ́n ń gbà." Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Wọn ò mẹ́nu ba iyán rárá. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 2 oṣù Keje 2025, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò ní AC, a kò ní jẹnẹrétọ̀, tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì wa kì í lo omi, àti pé kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ohunkóhun tó ń fi iná gbóná wá. Ẹ fi àtàǹpàkò kan dá a lóhùn, ẹ wá kọ "kò sí wàhálà" sábẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù wa.

Ó wá di alẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 11. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ilé ṣókùnkùn, yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó sólà wa sáré láti ilé ìdáná, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín, kẹ́tùrù oníná wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti ki àwọn méjèèjì bọ iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́tùrù yẹn, 2,000 wáàtì ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, 1,200. Inverter wa, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di iná tí ilé ń lò, kò lè gbé ju 2,400 lọ fún gbogbo ilé. Kí ni kí ó ṣe? Ó pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó. Láàrin ìṣẹ́jú 18 iná ti padà. Ẹ kọ ọ́ pé iná kú. Ẹ kò kọ ẹni tó pa á.

Ohun kejì wà tí ẹ kò kọ. Lẹ́yìn tí iná dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ yín, ẹ ṣí bùútù, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan jáde, ẹ fẹ́ tàn án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ní kí ẹ má bínú, a kì í tan án níbí. Ẹ bínú. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìràwọ̀ mẹ́rin yòókù ti já bọ́.

Ọ̀rọ̀ AC wá kù, òun ló sì dùn mí jù, torí ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé owó la kò ní. Ọdún 22 ni mo fi ṣe birikila ní Èkó kí n tó padà wálé. Bíríkì sìmẹ́ńtì oní-íńṣì mẹ́sàn-án, mo ti tò ó títí ọwọ́ mi fi yi. Mo mọ bí inú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lágogo méjì ọ̀sán lábẹ́ páànù: ènìyàn á máa làágùn bí ẹni tó ń dín àkàrà. Wọ́n á kọ́ ilé tí kò ṣeé gbé tán, wọ́n á wá ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá ilé bẹ̀bẹ̀. AC kékeré kan ń jẹ nǹkan bí 900 wáàtì. Fáànù tó wà lókè orí yín ń jẹ 30. Iná tí AC kan ṣoṣo máa jẹ lálẹ́, ó lè yí irú fáànù bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n. Oṣù Keje ni ẹ tún wá, oṣù tí ojú ọ̀run ń sú láti àárọ̀ dalẹ́, tí sólà kì í rí oòrùn jẹ yó.

Ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ pupa tí a wú níbi ìpìlẹ̀ ilé náà gan-an la fi ṣe é. A sẹ́ ẹ, a po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, bí ìwọ̀n 6 nínú 100, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. A kò sun ún, igi kankan kò jóná nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń mọ̀ bí omi rẹ̀ bá tó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ṣù ú, ẹ na ọwọ́ yín dọ́gba pẹ̀lú èjìká, ẹ jẹ́ kí ó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti ṣe rẹ́gí. Bó bá tú yẹ́ríyẹ́rí, ó ń béèrè omi sí i. Bó bá kàn tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀ bí ẹ̀bà tó rọ̀, omi ti pọ̀ jù. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe èyí fún oṣù mẹ́rin, n kò gbà kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é. Bíríkì náà wá jókòó sí ibòji fún ọjọ́ 28, à ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹni ń tọ́jú aláboyún. Bírú ògiri yìí bá nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Nígbà tó bá máa wọlé, alẹ́ ti lẹ́, ẹ̀yin sì ti ṣí fèrèsé.

Fèrèsé wa kọjú sí àríwá àti gúúsù. Apá ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ògiri lásán la fi kọjú sí i, oòrùn kì í rí ojú ihò kankan yọjú wọlé. A gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ooru lọ. Bí Francis Kéré, ọmọ Bùrùkínà Fasò tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022, ṣe ṣe é sí ilé ìwé tó kọ́ ní Gando, abúlé bàbá rẹ̀, nìyẹn. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì pò, Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, ti ń fi kọ́lé nílẹ̀ yìí kí n tó mọ ṣíbí birikila dì mú. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó yà ní Ìbàdàn. Ní 2023 wọ́n pè é lọ síbi àfihàn ńlá àwọn ayàwòrán ilé ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bi í léèrè AC.

Àkọ́dì tó wà láàrin yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ńkọ́? Bàbá àgbà yín mọ̀ ọ́n dáadáa. Àárín ilé ni òjò ń rọ̀ sí láyé wọn, ìkòkò ni wọ́n ń gbé sábẹ́ òṣòòrò. Àwa gbé táǹkì síbẹ̀. Òrùlé wa tó ń da omi síbẹ̀ jẹ́ 80 mítà onígun mẹ́rin, òjò tó bá rọ̀ ní mílímítà 10 péré ti fún wa ní 800 lítà, àfi èyí àkọ́rọ̀ tí a ń dà nù torí eruku. Omi tí ẹ fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ojú ọ̀run ló ti wá. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni AC fẹ́ ṣe ní oṣù Keje lórí òkè Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ránṣẹ́ béèrè bùláńkẹ́ẹ̀tì kejì lágogo mọ́kànlá alẹ́? Obìnrin tó gbé e wá fún yín kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ní ṣáláńgá. Ṣáláńgá, ihò ni. Tiwa kò ní ihò. Ìtọ̀ ń gba iwájú lọ sínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, èyí tó kù ń bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó wá da lẹ́búlẹ́bú pákó àti eérú lé e. Páìpù dúdú kan ti ibẹ̀ yọ sókè òrùlé. Oòrùn ń mú un gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ ń gòkè, ó ń fa òórùn lọ. Bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá wà, wọn kì í rùn. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kún, a ó dé e pa fún ọdún kan gbáko kí ó tó di ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, ẹ̀fọ́ wa kò bá a tan.

Ẹ bi wá pé kí ló dé tí a kò ṣe èyí tí wọ́n ń fi omi ṣàn. Ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá ṣàn án, lítà 6 sí 9 ti lọ. Ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ́ nǹkan. Orí àpáta la wà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, ọkọ́ á kan òkúta. Soakaway (ihò tí omi ìdọ̀tí ti ń wọ inú ilẹ̀) tí a bá gbẹ́ síbẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ tí yóò sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀. Yóò wá ẹ̀là òkúta gbà, yóò jáde sínú odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì pọn ọ́n lọ sílé. Ohun kan náà ni mo máa sọ fún àwọn tó ń bi wá pé kí ló dé tí a kò kọ́lé sí etí Olúmirin gan-an, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí wọ́n fi ní láti rìn. Wọ́n ní láti rìn.

A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kíyán ewùrà má lẹ́mọ. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, korobá lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà ní yàrá yín ṣófo. Ọkùnrin tó ń kó o wá láti sọ́míìlì lọ síbi òkú ní Iléṣà, ẹni tó fi sípò ara rẹ̀ sì gbàgbé. Agogo mẹ́wàá kó tó kún. Ẹ̀bi wa nìyẹn, a sì ti bá wọn sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, korobá méjì ló ń wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń ké nínú igbó, ẹ̀ṣọ́ wa gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ó gbọ́, torí agogo méjì àbọ̀ òru ló wá kan ilẹ̀kùn yín tó ṣàlàyé. Òwàwà ni, tí àwọn kan ń pè ní òfàfà. Kò ju ehoro lọ púpọ̀, orí igi ló ń gbé. Jẹ́jẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè, á máa gòkè, títí ohùn rẹ̀ á fi dà bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú kànga. Àwọn onímọ̀ ẹranko ní erin wà lára àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, tọkọtaya kan láti Jámánì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ di agogo kan òru, wọ́n na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú òkùnkùn, wọ́n ń retí ohùn yẹn. Kò ké. Wọ́n lọ láìgbọ́ ọ. Ẹ̀yin gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kí ẹ̀ṣọ́ lọ mú un. Ká ní a jẹ́ kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn, kì í bá ti dún rárá.

Iná balùwẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ torí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sídìí iná bẹ́ẹ̀ bíi ti funfun. Àwọn tó wá náà, ọmọńlé ló ń jẹ wọ́n. Iṣẹ́ tó wá ṣe lára ògiri yín nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń rò ó bóyá kí ẹ wá, ₦48,000 ni yàrá fún alẹ́ kan, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń jẹ lára owó yẹn, mẹ́jọ jẹ́ ọmọ Erin. Méjì nínú wọn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgégi ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú igbó yìí kan náà. Lónìí àwọn ló ń mú àlejò gun ìpele méjèèje Olúmirin. Bí ẹ bá fẹ́ yàrá tó tutù bíi fìríìjì, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó dáa wà ní Iléṣà àti Àkúrẹ́, kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀gá wa, ní ti yín, a ti dá ₦24,000 padà sínú àkáǹtì yín lánàá, ìdajì owó alẹ́ Àbámẹ́ta, nítorí korobá. A tún fún yín ní alẹ́ méjì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ bá mú wá, oṣù Kìíní tàbí Kejì, nígbà tí oòrùn bá pọ̀. Iyán wà níbẹ̀. Bùútù yín nìkan la ó kọ́kọ́ wò ní géètì.

Kẹ́tùrù tí ẹ gbàgbé sórí tábìlì ti wà ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ 13. A ti nù ún, a dì í sínú ọ̀rá, a kọ orúkọ yín sí i. Ẹ rán dírẹ́bà wá mú un nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ki í bọ iná.