Ọjà'ba kì í ṣe Ọjà Ọba o, ẹ yé gba ọjà lọ́wọ́ Olúyọ̀lé

Mo wọ Micra ní Mólété n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, dírẹ́bà ń pariwo "Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ń lọ sí Ọjà Ọba, pé iwájú ààfin Olúbàdàn ni ọjà yẹn wà láyé àtijọ́. Hàà! Mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́ o, torí èèyàn ò lè máa bá gbogbo ayé jà nínú mọ́tò, àmọ́ ẹnu ń yún mi.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ Ìbàdàn gan-an ló ń sọ ọ́, wọ́n á ní Ọjà Ọba lorúkọ ẹ̀ gangan, pé ẹnu wa tó yá la fi gé e kúrú sí Ọjà'ba. Ẹ tiẹ̀ wo bọ́ọ̀dù àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́hùn-ún, ẹnì kan á kọ Oja Oba, ẹni tó wà lódìkejì títì á kọ Oja'ba, ẹnì kẹta á lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, Ojaba, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀.

Mi ò bá wọn wí púpọ̀ ṣá. Ọjà Ọba wà ní Àkúrẹ́, ìtòsí ààfin Déjì ló wà, Ìlọrin náà ní tiwọn nítòsí ààfin Ẹ́míà, Adó-Èkìtì náà ní. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, tó wá gbọ́ Ọjà'ba ní Ìbàdàn, ibẹ̀ náà lọkàn ẹ̀ máa lọ. "Ba" tó kẹ́yìn "ọba" àti "ba" tó kẹ́yìn "Ìba", bákan náà ni wọ́n ń dún, tá a bá ti yára pè é pẹ́nrẹ́n, etí ò lè yà wọ́n mọ́.

Àmọ́ ọba wo gan-an? Ní nǹkan bí 1829 tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wá jókòó sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí ogun ti tú ibẹ̀, bùdó ogun ni, kò sẹ́ni tó gbé adé wá. Ìlú jagunjagun nìlú wa. Baálẹ̀, Balógun, Ọ̀tún, Òsì, oyè táwọn èèyàn ń fi ojú ogun gbà nìyẹn. Ó di 1936, lásìkò Baálẹ̀ Okùnọlá Abáàsì Aléṣinlóyè, kí wọ́n tó sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn, adé ìlẹ̀kẹ̀ tún pẹ́ kó tó dé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ààfin tí ọmọ yẹn sọ ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù, àbí ta ni ò mọ̀ pé ilé ara ẹ̀ ni Olúbàdàn kọ̀ọ̀kan máa ń gbé tẹ́lẹ̀, tí ẹni yìí bá wàjà, ojú ìlú á ṣí lọ sí àdúgbò ẹni tó kàn. Ọjà wo ló máa wá dúró síwájú ààfin tó ń ṣí kiri?

Ọjà Ìba ni. Lábósìndé, ará Ifẹ̀ tó wà lára àwọn àgbààgbà bùdó yẹn, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pe ọjà náà, Ọjà Lábósìndé. Nígbà tí Olúyọ̀lé, jagunjagun kan níbẹ̀, wá di olórí ìlú, Aláàfin Àtìbà fi í jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kurunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Baṣọ̀run yìí náà ni Ìbaṣọ̀run, ìyẹn làwọn èèyàn gé sí Ìba. Ìba Olúyọ̀lé, Ọjà Ìba, Ọjà'ba. Ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni o, Agbọ́nyìn ìyá ẹ̀ lọmọ Abíọ́dún, síbẹ̀ kò jọba níbì kankan títí tó fi kú ní 1847.

Ọkùnrin náà sì ni ọjà yẹn lóòótọ́, kì í ṣe pé wọ́n kàn fi orúkọ ẹ̀ pè é. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbẹ̀ ńlá ni, oko ilá ẹ̀ lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́, àgbàdo, iṣu, kálukú ní oko tiẹ̀, ọjọ́ tó bá sì fẹ́ ta ilá, àgbẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbé ilá lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, tiẹ̀ nìkan tó gbogbo alátẹ ìlú. Ẹ fojú inú wò ó, kó o ru agbọ̀n ilá láti òwúrọ̀, kí wọ́n ní padà sílé, Ìba ń ta tiẹ̀ lónìí. Ìkà díẹ̀ wà níbẹ̀ tá a bá fẹ́ sọ òtítọ́.

Èyí ni mò ń ṣàlàyé nínú mọ́tò tá a fi kọjá Bódè. Ọmọ náà ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Olúbàdàn ti di ọba báyìí, kí ló burú ńbẹ̀ tá a bá pè é ní Ọjà Ọba?" Mo ní kò burú, àmọ́ má sọ pé bó ṣe wà láyé àtijọ́ nìyẹn. Bí ìgbà tẹ́nì kan bá ní àwọn èèyàn máa ń bára wọn figagbága ní Challenge la ṣe ń pè é ní Challenge, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ìwé àwọn míṣọ́nnárì ló fún àdúgbò yẹn lórúkọ.

Ìyá kan wà níwájú, ó gbé báàgì ewé lé ẹsẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan látìgbà tá a ti wọlé. Ìdí Arẹrẹ la dé tó yíjú padà, ó ní "Ọjà Ìba ni ìyá tó bí mi ń pè é, ibẹ̀ ló ti ta àgbo dàgbà." Ó ní kí dírẹ́bà dúró, òun ti dé.

Ọmọkùnrin yẹn ń wo fóònù ẹ̀. Google Map kọ Oja Oba síbẹ̀ gàdàgbà.