Ẹ má yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì nítorí ariwo home theatre

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé bí home theatre bá ń kùn "hùùù", kí a yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì inú púlọ́ọ̀gì dànù. Kò tọ̀nà, ó sì léwu. Lóòótọ́, ó lè dákẹ́. Ohun tó ń tan ni jẹ nìyẹn. Wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò yẹn ló ń gbé iná tó bá jò sára irin lọ sílẹ̀. Láìsí i, ara yín ni iná lè gbà kọjá.

Ohun tó sábà ń fa ariwo náà ni pé àwọn ẹ̀rọ tí a so pọ̀ ní ọ̀nà méjì tí iná lè gbà lọ sílẹ̀. Ẹ pa gbogbo wọn, ẹ yọ wáyà dish lẹ́yìn dikódà, kí ẹ tún tàn wọ́n. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.