Millom ńkọ́?

Ìròyìn tí ẹ kọ nípa rugby league, oríṣi bọ́ọ̀lù rugby kan, dára, àmọ́ mi ò fara mọ́ ohun tó sọ pé ojúkòkòrò owó ló mú kó yapa kúrò lára rugby tó kù lọ́dún 1895. Awakùsà tó bá pa iṣẹ́ Sátidé tì kó lè lọ ṣeré pàdánù owó ọjọ́ yẹn. Owó yìí ni àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa san fún un, tí àwọn ọ̀gá eré náà kọ̀ jálẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wo Millom ní Cumbria, ìlú awakùsà irin. 1873 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ìyapa ò tíì dé rárá. Iléeṣẹ́ irin ìlú náà kógbá sílé lọ́dún 1968, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ò tú ká. Wọ́n máa ń fọ́nnu pé nínú àwọn ẹgbẹ́ rugby league tí kì í sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, àwọn ló dàgbà jù láyé. (Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú ọjọ́ orí tiẹ̀ wá!) Irú wọn ló yẹ kí akọ̀ròyìn dárúkọ, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Wigan àti Leeds nìkan.